Iye oògùn tí a ń kó lé aláìsàn lọ́wọ́ wà lára ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àwọn tó ń fún èèyàn lóògùn ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti àwọn abúlé tó yí wọn ká la fẹ́ bá sọ̀rọ̀, yálà ọsibítù ìjọba ni wọ́n wà, tàbí ọsibítù ìjọ, tàbí ilé ìwòsàn alábọ́dé, tàbí ìdí káńtà kẹ́míìsì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó bá ní aláìsàn nílé pẹ̀lú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ ò wù ú jẹ, yóò dé ọ̀dọ̀ wa. A ó kọ amitriptyline fún un, a ó ka ti oṣù méjì tàbí mẹ́ta sínú náílọ̀n kan ṣoṣo, a ó ní ó dàbọ̀. Àánú ló ń fà á. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, ẹni tó sì ti inú Búnú lọ́hùn-ún jáde wá kò ní fẹ́ tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́, tí amitriptyline wà lára wọn, kò gba àṣìlò rárá, nítorí bí wọ́n bá pọ̀ jù lára, ọkàn tó ń lù ni wọ́n ń dà rú. A wá ń kó wọn jọ fún ẹni tó ṣeé ṣe kó máa ronú ikú, láìbi í bóyá ó ń rò ó.

Ìbéèrè yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ mú. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002 fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn ló ti rí dókítà ìtọ́jú àkọ́kọ́ láàárín oṣù kan kí wọ́n tó kú. Wọ́n wá, ẹ̀yin èèyàn wa. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, wọ́n ní inú ń kún àwọn. Èyí tó kù, ẹnì kankan ò bi wọ́n.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àwọn èèyàn a tiẹ̀ máa sọ ọ́. Màmá àgbà á ní, “Kí Ọlọ́run kúkú wá mú mi lọ.” Ọ̀dọ́ á ní, “Gbogbo ẹ̀ ti sú mi.” Bàbá tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn á ní ikú yá ju ẹ̀sín. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ á figbe ta: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ o, màmá.” Àdúrà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti tán. Màmá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gba oògùn rẹ̀, á máa lọ. Ìdáhùn tó yẹ ni: “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ fún mi, màmá. Ṣé ẹ ń rò ó pé kí ẹ pa ara yín ni?” Kí a pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ ọ́ gbangba pé bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Ńṣe ló máa ń mú kí ara tu ẹni tó ti ń dá a rò.

Fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń wúwo láti béèrè, ìbéèrè mẹ́rin kan wà tí National Institute of Mental Health ti Amẹ́ríkà ṣètò, tí wọ́n ń pè ní ASQ. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ló ń gbà, ó sì ṣeé bi ọmọ ọdún mẹ́wàá sókè. Ní èdè wa, ó lè lọ báyìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ó ti ń ṣe yín bíi kí ẹ ti kú? Ǹjẹ́ ẹ ti rò ó pé ìbá sàn fún yín tàbí fún ẹbí yín bí ẹ bá ti kú? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí, ǹjẹ́ ẹ ń ro bí ẹ ṣe máa pa ara yín? Ǹjẹ́ ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ rí? Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, ìkarùn-ún tẹ̀ lé e: ṣé èrò náà wà lọ́kàn yín báyìí báyìí? Bẹ́ẹ̀ ni sí ìkarùn-ún túmọ̀ sí pé a ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ì báà ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ lọ, títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ní rárá sí ìkarùn-ún, a ṣì ní láti jókòó tì í, kí a mọ ohun tó ń dà á láàmú kó tó kúrò níbẹ̀.

Kí ẹ tó béèrè, ẹ ní kí àwọn tó sìn ín wá bọ́ síta. Bí ọkọ bá jókòó ti ìyàwó, ọkọ ni yóò dáhùn. Bí àwọn ọmọ bá yí bàbá ká, wọn ò ní jẹ́ kó lanu. Ojú fèrèsé tí a ti ń gba oògùn náà kọ́ ni a ti ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí èèyàn mẹ́wàá tò sẹ́yìn ẹni.

Ó wá kan oògùn fúnra rẹ̀. Ìwé ìlànà mhGAP tí WHO ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ sọ pé bí ewu bá wà pé aláìsàn lè pa ara rẹ̀ lára, fluoxetine, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, ni kí á yàn ṣáájú amitriptyline, kí oògùn tí a sì ń kó fún un lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ìwọ̀nba. Fún àgbàlagbà, 10 mg láràárọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ fluoxetine, kó gòkè sí 20 mg lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa ń gbàgbé láti sọ fún aláìsàn pé ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí a ò sọ fún á lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, á ní oògùn náà ò ṣiṣẹ́, á sọ ọ́ nù. Tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀, á gbà pé òun ni kò sí oògùn tó lè ràn lọ́wọ́.

Ìwọ̀nba tí a ń sọ yìí, ọ̀sẹ̀ kan ni. Oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, hóró méje. Dókítà lè kọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sínú ìwé kan, kí ìwé náà dúró lọ́dọ̀ apòògùn, kí apòògùn máa ka méje méje síta, kó máa kọ ọjọ́ àti iye sẹ́yìn ìwé, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń gba oògùn bẹ́ẹ̀ ń rí ojú òṣìṣẹ́ ìlera kan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn nìkan sì jẹ́ ìtọ́jú.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó ọkọ̀ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní aláìsàn gbọ́dọ̀ máa wá sí Kábbà tàbí Ìsánlú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé máa ń wá sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ láti wá kó abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti sì fi àkọsílẹ̀ oṣù lélẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, apòògùn lè kó náílọ̀n mẹ́ta tó kù fún òṣìṣẹ́ abúlé náà, kí ó dì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ aláìsàn, orúkọ oògùn, agbára rẹ̀, iye hóró àti ọjọ́ tó yẹ kó bọ́ síta sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn á wá fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe fi rán awakọ̀ o. Awakọ̀ wa ṣeé fọkàn tán pẹ̀lú owó àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n oògùn tó sùn sínú páákì di ọjọ́ kejì ti di ti gbogbo ayé.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń dàrú kò ṣòro láti rí. Aláìsàn kan náà lè máa gba oògùn ní ibi mẹ́ta, kí ẹnì kankan má sì mọ̀ nípa ẹnì kejì. Nítorí náà, ẹ ní kó kó gbogbo ohun tó wà nílé wá nígbà tó bá tún ń bọ̀, títí kan èyí tó ti gbó, kí ẹ gba èyí tí kò nílò mọ́. Wọ́n tún máa ń kọ amitriptyline fún ẹ̀yìn dídùn àti iṣan, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè wà nínú ilé tí ẹnì kankan kò ti sọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ rí. Ọjọ́ ọdún tàbí ìyanṣẹ́lódì lè bọ́ sí ọjọ́ tí méje pé: ẹ ṣírò rẹ̀ ṣáájú, kí ẹ fi ti ọjọ́ méjì kún un, torí dídá oògùn wọ̀nyí dúró lójijì náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn tó ń lo oògùn wárápá ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ níbí, nítorí bí phenobarbital bá já láàárín, gìrì lè gbé wọn, kó má sì fẹ́ dá. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé iye oògùn onítọ̀hún kù láìṣètò ibi tí yóò ti rí èyí tó kàn.

Nílé, ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ máa tọ́jú oògùn, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí ẹni náà. Kì í ṣe ọmọdé, kì í sì í ṣe ẹni tí òun àti aláìsàn ń bá ara wọn jà. Ẹ bá olùtọ́jú náà sọ̀rọ̀ lójúkojú, kì í ṣe pé kí aláìsàn lọ jíṣẹ́ fún un. Àpótí tó ṣeé tì ni kó kó o sí, kí kọ́kọ́rọ́ máa wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ilé ló mọ ibẹ̀. Agolo Bournvita lórí àkéte kì í ṣe ibi ìpamọ́, abẹ́ ìrọ̀rí kì í ṣe ibi ìpamọ́. Hóró kan ni kó máa mú jáde lẹ́ẹ̀kan, kó fún un pẹ̀lú omi, kí ó dúró títí yóò fi gbé e mì, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, kó ka èyí tó kù; bí iye náà kò bá bára mu, kó pe ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé kó bínú sí aláìsàn.

Oògùn àwọn tó kù nínú ilé ńkọ́? Ti ẹ̀jẹ̀ ríru màmá, ti ìtọ̀ ṣúgà bàbá, paracetamol tí wọ́n ra sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni kó wọ àpótí kan náà. Ní agbègbè wa, a ò lè sọ ọ̀rọ̀ oògùn ká fi oògùn oko sílẹ̀. Ilé mélòó ni kò ní kẹ́míkà apako nínú yàrá kan náà tí wọ́n ń kó àpò kaṣú sí? NAFDAC ti fòfin de ìgò kékeré dichlorvos láti 2019, wọ́n sì kéde pé paraquat kò gbọdọ̀ sí lọ́jà mọ́ láti oṣù kìíní 2024, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nílé kò lọ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n gbé e kúrò nílé aláìsàn lọ síbi tí ẹlòmíràn ń tì, títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Orílẹ̀-èdè Sri Lanka kó àwọn oògùn oko tó le jù kúrò lọ́jà ní 1995, 1998 àti 2008. Iye àwọn tó ń gba ẹ̀mí ara wọn níbẹ̀ sì fi ju ìdajì lọ dín kù. Ẹni tí a bá dí lọ́wọ́ fún wákàtí díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìjì yẹn á kọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oògùn tún ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Ní 2004 ni FDA, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára oògùn ìsoríkọ́, pé èrò láti pa ara ẹni lè pọ̀ sí i lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba níbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ní 2007, wọ́n nà án dé ẹni ọdún 24. Ìyẹn kò sọ pé kí ọ̀dọ́ má lò ó. Ohun tó túmọ̀ sí fún wa ni pé kí a rí i láàárín ọjọ́ méje, kí a tún rí i bí a bá yí iye rẹ̀ padà. Ohun tí ẹbí máa ṣọ́ ni: kò lè jókòó sójú kan, oorun tó kù díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti lọ pátápátá, ó ń bínú sí ohun tí kì í bínú sí, tàbí ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹrù rẹ̀ tọrẹ. Ẹ gbé e wá. Ẹ má kàn dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ wà níbẹ̀ náà. A ò bá ẹ̀sìn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo lithium, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, tó bá gba ààwẹ̀ aláìmu-omi, oògùn náà lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó léwu. Kí pásítọ̀ àti àlùfáà béèrè oògùn tí èèyàn ń lò kí wọ́n tó fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin ẹlẹ́kẹ́míìsì, ìwé àṣẹ tí ẹ gbé kọ́ ara ògiri kò fàyè gba diazepam, tramadol tàbí amitriptyline, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó fàyè gbà náà ní bí a ṣe ń tà á. Ní oṣù kẹsàn-án 1998, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín iye paracetamol inú páálí kan kù sí hóró 16 ní ṣọ́ọ̀bù lásán, 32 lọ́wọ́ apòògùn. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 11 rí i pé ikú tó ti ara rẹ̀ wá fi nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Páálí kéékèèké lásán ni! Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá béèrè ọ̀pọ̀ káàdì oògùn kan náà, ẹ ta káàdì kan fún un, ẹ béèrè ẹni tó fẹ́ lò ó, ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ojú náà bá pọ́n fún ẹkún, ẹ fún un ní àga.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan ti gbé oògùn tàbí kẹ́míkà mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí epo pupa. Ẹ jìnnà sí omi iyọ̀, mílíìkì, àti fífi ìka sí i lọ́fun. Epo kì í pa oró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí aláìsàn bá ń bì, ọ̀nà méjì ni yóò sì gbà ṣàìsàn. Bí oorun bá ń kùn ún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀. Bí kẹ́míkà oko bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ fi náílọ̀n bọ ọwọ́. Ẹ mú páálí, káàdì òfìfo tàbí ìgò náà dání, nítorí ìtọ́jú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Kí ẹnì kan pe ọsibítù ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra: ṣé acetylcysteine tó wà fún paracetamol wà, ṣé atropine tó wà fún kẹ́míkà oko bíi dichlorvos wà, ṣé ọ́ksíjìn wà? Bí kò bá sí, ẹ lọ tààrà sí ibi tó wà.

Ti paracetamol ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Aláìsàn lè jókòó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó jẹun, kó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun, kí ẹbí máa dúpẹ́. Ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ nínú ní gbogbo ìgbà yẹn. Acetylcysteine, oògùn tó ń gbà á là, ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù bí wọ́n bá fún un láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ara tó dá ṣáṣá kì í ṣe ìdí láti dúró dilẹ̀ mọ́.

Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ń mú kí àwọn ẹbí kan fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pamọ́ sílé. Penal Code tí ìpínlẹ̀ wa jogún láti Àríwá, ní apá 231, ka gbígbìyànjú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè já sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan tàbí owó ìtanràn. Òfin náà ti gbó, lójú tiwa, ó sì ń pa ju bó ṣe ń gbà là lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 kò tíì mú un kúrò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti tọ́jú. Kò sí ẹni tó yẹ kó ní kí ẹbí kọ́kọ́ lọ mú ìwé wá láti tẹ́ṣàn kí òun tó fún aláìsàn lómi.

Lẹ́yìn tó bá ti padà sílé, ẹ má jẹ́ kó sọnù. WHO dán ètò kan wò ní Brazil, Íńdíà, Sri Lanka, Iran àti Ṣáínà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Èèyàn 1,867 tí wọ́n ti gbìyànjú láti pa ara wọn ló kópa. Ìlàjì kan gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀. Ìlàjì kejì gbà á pẹ̀lú ìjíròrò wákàtí kan kí wọ́n tó kúrò ní ọsibítù, àti ìpè tàbí ìbẹ̀wò mẹ́sàn-án láàárín oṣù 18. Nígbà tó parí, àwọn tó ti gba ẹ̀mí ara wọn jẹ́ 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ìlàjì àkọ́kọ́, 0.2 láàárín ìlàjì kejì tí wọ́n ń pè. Àkókò ìpè mẹ́sàn-án náà ni ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹrin, ìkeje àti ìkọkànlá, lẹ́yìn náà oṣù kẹrin, ìkẹfà, ìkejìlá àti ìkejìdínlógún. Kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá níbẹ̀.

Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè fi ìwé ńlá kan ṣe é: orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà olùtọ́jú oògùn rẹ̀, nọ́ńbà ẹnì kẹta tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ ilé rẹ̀, àti àlà mẹ́sàn-án tí wọ́n á máa fàmì sí. Kí ìwé náà máa wà nínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń tì, kí nọ́ọ̀sì kan pàtó máa pè, kí ó sì pe orúkọ ara rẹ̀ bó bá ti gbé e. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ márààrún ilẹ̀ Òkun ni pé kí wọ́n fi owó káàdì ìpè yìí sínú owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí ó má jẹ́ pé àpò nọ́ọ̀sì la ó ti máa yọ ọ́.

Àwa ni tiyín,
Àwọn nọ́ọ̀sì àti apòògùn kan,
Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kogi.